Ọdẹ Tó Fi Kámẹ́rà Rọ́pò Ìbọn

  Ìtàn tòní dá lórí ohun tí gbogbo wa rò pé a mọ̀ ọ́n ṣe: fótò yíyà. Kì í ṣe fótò ìgbéyàwó o, kì í sì í ṣe sẹ́lífì. Fótò ẹranko igbó ni, ẹranko tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, tí kò sì ní dúró nígbà tí a bá ní kó dúró.

Ẹ dán an wò lọ́la. Ẹ wá alángbá kan lára ògiri, ẹ yọ fóònù, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ rọra sún mọ́ ọn. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, alángbá ti kọjá sí ẹ̀yìn ògiri, ògiri nìkan ló kù nínú fótò. Alángbá sì rèé, ẹran tó ń gbé inú ọgbà yín, tó ń rí yín láàárọ̀ lálẹ́. (Àwọn ọ̀bọ inú ọgbà Lekki Conservation Centre kò kà o. Àwọn yẹn ti mọ fóònù ju àwa gan-an lọ.) Tí alángbá bá lè ṣe wá báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa ẹkùn tó ń rìn lóru nínú igbó tí ènìyàn kì í dé?

Síbẹ̀ àwọn kan ya ẹkùn. Wọ́n yà á kí filáàṣì oníná tó dé, kí bátìrì tó mọ níwọ̀n tó ṣeé gbé sápò, nígbà tí kámẹ́rà ṣì jẹ́ àpótí onígi tó ń lo dígí pẹlẹbẹ dípò fíìmù. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ó sì rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fìrí. Títí di nǹkan bí 1890, ọ̀pọ̀ fótò tí wọ́n ń pè ní fótò ẹranko jẹ́ ti ẹran tó ti kú, tàbí ẹran inú ọgbà ẹranko, tàbí awọ ẹran tí wọ́n kì ní koríko. Dígí tí wọ́n ń lò nígbà náà kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tó bá mira á bàjẹ́ nínú àwòrán. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti abúlé Thwaite ní Yorkshire, Richard àti Cherry Kearton, wá ọgbọ́n dá sí i. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1892, Cherry ya ìtẹ́ ẹyẹ kan tó ní ẹyin nínú. Ẹyin kì í kúkú sá. Láti orí ẹyin ni wọ́n ti bọ́ sórí ẹyẹ fúnra rẹ̀, ó sì di 1895 kí wọ́n tó gbé ìwé kan jáde lórí ìtẹ́ àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ fótò.

Ẹyẹ ń sá fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í sá fún màlúù. Ní 1900, àwọn ọmọ Kearton gba awọ màlúù, wọ́n tẹ́ ẹ sórí igi bí ẹni pé màlúù dúró, wọ́n sì sọ inú rẹ̀ di òfìfo kí ènìyàn lè wọ ibẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Richard á wà nínú màlúù yẹn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò lè nàró, kò lè jókòó. Lọ́jọ́ kan màlúù náà ṣubú pẹ̀lú Richard nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà sókè ọ̀run, kò sì rí ara rẹ̀ yọ títí àbúrò rẹ̀ fi dé. Àbúrò yìí ya fótò ìṣubú náà. Ṣé ẹ ti rí i pé àwọn àbúrò kò yí padà láti ayébáyé?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọdá òkun lọ sí ibi tí ìtàn yìí ti le.

Ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní apá àríwá Amẹ́ríkà, adágún omi kan wà nítòsí ìlú Marquette tí wọ́n ń pè ní Whitefish Lake nígbà náà. Ọmọ ọdún 11 ni George Shiras nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní 1870. Kì í ṣe ọmọ tálákà. George ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, George ni bàbá bàbá rẹ̀ náà ń jẹ́, ìdí rèé tí wọ́n fi ń pè é ní George Shiras Kẹta. Bàbá rẹ̀ di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1892. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó di lọ́yà, ó tún wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti 1903 sí 1905. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó yan ibi tó wù ú láàárín kóòtù àti adágún yẹn, mo rò pé gbogbo wa mọ ibi tó máa yàn.

Ọdẹ ni, ó sì kọ́ ọdẹ dáadáa. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń dá ní agbègbè náà, ọ̀dọ̀ àwọn Ojibwe tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ funfun ti kọ́ ọ. Wọ́n á dá iná sínú àwo irin kan níwájú ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n á wá máa fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ náà lọ létí omi lóru, ní jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kí omi dún. Àgbọ̀nrín tó wá mumi tàbí tó wá jẹ ewé inú omi á gbé orí sókè, á tẹjú mọ́ iná náà. Kò rí ọkọ̀, kò rí ẹni tó wà lẹ́yìn iná. Ojú rẹ̀ méjèèjì á máa pọ́n nínú òkùnkùn bí ẹyin iná. Àárín méjèèjì ni ọdẹ á yìnbọn sí.

Ẹni tó bá ní ọdẹ nínú ìdílé nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ohun tí mò ń sọ. Àtùpà tí àwọn ọdẹ wa ń so mọ́ iwájú orí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀pọ̀ ẹran tó ń jẹ̀ lóru, bíi dígí ló ṣe rí, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé, á ta á padà síta. Ọdẹ tó bá dáńtọ́ á wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà, á wo bó ṣe ga sílẹ̀ tó, á wo bí méjèèjì ṣe jìnnà síra, á sì mọ̀ bóyá ẹtu ni tàbí ajá aládùúgbò. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ló ní láti fi mọ̀ ọ́n.

Ní 1889 ni Shiras bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà wọ igbó. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ lọ́sàn-án, nǹkan kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọrùn, nítorí lọ́sàn-án àgbọ̀nrín ti ń gbọ́ òórùn ènìyàn láti òkèèrè. Ibẹ̀ ni ìrònú ọdẹ ti wọ̀ ọ́. Bí iná bá lè mú kí àgbọ̀nrín dúró fún ọta ìbọn, kí ló dé tí kò fi ní dúró fún kámẹ́rà? Ọkọ̀ kan náà, adágún kan náà, òru kan náà. Kámẹ́rà wá jókòó síwájú ọkọ̀ níbi tí ìbọn ti máa ń wà.

Ìṣòro tó kù ni ìmọ́lẹ̀. Iná tó ń mú ojú ẹran tàn kò tó láti ya fótò. Filáàṣì tó wà lẹ́yìn fóònù yín kò tíì sí láyé. Ohun tó wà ni ìyẹ̀fun mágníṣíọ̀mù, ẹ̀tù gidi ni: bí iná bá kàn án, á bú gbàmù, ìmọ́lẹ̀ funfun á bo gbogbo etí omi, èéfín á gba ojú ọ̀run. Ó lè jó ọwọ́, ó lè jó irun ojú. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú òun náà á ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Ó sì lè kọ̀, kó máà gbiná rárá, nítorí ìrì òru. Shiras kò yé tún irinṣẹ́ náà ṣe, títí tó fi ní ohun ìṣáná kan tó dà bí ìbọn ìléwọ́, tó lè gbé sókè kó sì yìn ín sójú ọ̀run.

Ẹ fojú inú wo alẹ́ kan. John Hammer, ẹni tó bá a tukọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀. Shiras wà níwájú pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọn kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, wọn kò gbọ́dọ̀ gbá a. Ojú méjì tàn létí omi. Hammer gbọ́dọ̀ tu ọkọ̀ náà sún mọ́ ọn láìjẹ́ kó yẹ̀ sí apá ọ̀tún tàbí òsì, nítorí wọ́n ti ṣètò ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìwọ̀n ọ̀nà kan pàtó. Bí wọ́n bá jìnnà jù, àwòrán á ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá sún mọ́ ọn jù, bákan náà. Atẹ́gùn kékeré tó bá fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn á gbé òórùn wọn lọ bá ẹran náà, ó parí nìyẹn. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá ṣe rẹ́gí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀tù á bú. Kò sí "ẹ jẹ́ ká tún un yà." Ẹran ti lọ. Bóyá àwòrán wà lórí dígí yẹn, bóyá kò sí, ó di ìgbà tí wọ́n bá fọ dígí náà nínú yàrá dúdú kí wọ́n tó mọ̀.

Fótò kan wà láti 1893 tó fi àwọn méjèèjì hàn nínú ọkọ̀ náà lórí Whitefish Lake. Tí ẹ bá rí i, ẹ wo Hammer. Orúkọ Shiras ló wà lára gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tu ọkọ̀ nínú òkùnkùn, tí àjẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dún, mo gbà pé ìdajì fótò náà tirẹ̀ ni. Àwọn Ojibwe tó ni ọgbọ́n iná orí omi náà sì ní ìpín tiwọn níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, oríire bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, oríire, nítorí wọ́n máa ń lò ó láti fi bu iṣẹ́ ayàwòrán kù. "Oríire ló bá a." Bẹ́ẹ̀ ni, oríire ni. Ní oṣù Keje ọdún 1902, ní Loon Lake ní Ontario, orílẹ̀-èdè Kánádà, ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní lynx jókòó sí etí omi. Ẹ̀yà ológbò ńlá ni, etí rẹ̀ ní ṣóńṣó irun dúdú, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó rí i. Ó jókòó, ó ń wo iná tó ń bọ̀ lórí omi. Òjìji rẹ̀ hàn nínú omi nísàlẹ̀. Ẹ̀tù bú. Lónìí, ó ju 120 ọdún lọ lẹ́yìn náà, àwòrán yẹn ṣì ń dá ènìyàn dúró. Shiras kò pe lynx wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òru yẹn tó dé, ó ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí omi nínú òkùnkùn. Oríire rí i nídìí iṣẹ́.

Ó tún dá ọgbọ́n mìíràn. Bí ẹ̀tù àkọ́kọ́ bá ti bú, ó mọ̀ pé ẹran á fò. Ló bá gbé kámẹ́rà kejì àti ẹ̀tù kejì sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ya ẹran tó dúró jẹ́ẹ́, èyí kejì ya á bó ṣe ń fò lọ. Àwọn àgbọ̀nrín tí ẹ rí nínú àwòrán rẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀ nínú òru dúdú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀.

Ọgbọ́n kẹta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òun ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ láti ìsinsìnyí lọ. Kò sí ọdẹ tí kò mọ pàkúté. Ọdẹ kò lè wà níbi gbogbo, ó dẹ pàkúté sójú ọ̀nà ẹran, ó lọ sùn. Shiras ta okùn sójú ọ̀nà ẹran, ó so okùn náà mọ́ kámẹ́rà àti ẹ̀tù. Ẹran tó bá fẹsẹ̀ kan okùn tàbí tó bá fa oúnjẹ tí wọ́n so mọ́ ọn, á ya ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀dọ̀ yín ni sẹ́lífì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ẹranko Michigan.

Ní 1900, wọ́n gbé àwọn fótò òru rẹ̀ lọ sí àfihàn ńlá àgbáyé ní ìlú Paris, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e dé ojú gbogbo ayé ni ìwé ìròyìn National Geographic ti oṣù Keje ọdún 1906. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni National Geographic nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ̀. Olóòtú rẹ̀, Gilbert Grosvenor, rí àwọn fótò Shiras, ó sì tẹ 74 nínú wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Méjì nínú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ tó ni ìwé náà bínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní Grosvenor ti ń sọ ìwé ìròyìn náà di ìwé àwòrán. Ẹ̀yin tó ń fi ìka fa fótò sókè sódò lórí fóònù látàárọ̀, ẹ mọ ẹni tó borí nínú àríyànjiyàn yẹn.

Shiras gbé àbá òfin kan lọ sílé aṣòfin ní 1904 pé kí ìjọba àpapọ̀ máa dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Wọn kò gbà á nígbà náà, ṣùgbọ́n èrò náà kò kú, ó wà lára ohun tó bí òfin ààbò àwọn ẹyẹ aṣíkiri ti 1918. Díẹ̀díẹ̀ ni kámẹ́rà fi gba ipò ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1928, ó kó dígí fótò bí 2,400 fún ẹgbẹ́ National Geographic. Ó kú ní Marquette ní 1942, nítòsí adágún rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ okùn yẹn rìn jìnnà. Ní àríwá Íńdíà, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Frederick Walter Champion ń ṣiṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ igbó. Àsìkò yẹn, tígà, ẹkùn abilà ti Íńdíà, ni àwọn ọba àti àwọn ọ̀gá amúnisìn fi ń ṣe fáàrí. Wọ́n á gun erin, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé òkú ẹran, wọ́n á ya fótò. Champion kò fẹ́ irú fótò bẹ́ẹ̀. Tígà tó wà láàyè ló fẹ́ yà, nínú ilé ara rẹ̀.

Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé tígà ń fẹ́ràn ọ̀nà tó rọrùn bí àwa náà ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀: ojú ọ̀nà inú igbó, ìsàlẹ̀ odò tó ti gbẹ. Á wá ipasẹ̀ lórí iyanrìn, á gbìyànjú láti mọ ibi tí ẹran náà ń gbà, á ta okùn ní ìrọ̀lẹ́, á kúrò níbẹ̀. Ní àárọ̀ á padà wá wo ohun tí òru fún un. Ẹ ro ohun tó lè dé bá okùn kan ṣoṣo nínú igbó láti alẹ́ di àárọ̀. Òòrẹ̀ lè kàn án, ìmàdò lè kàn án, òjò lè rọ̀, tígà sì lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà. Bí ẹran mìíràn bá ti mú kí ẹ̀tù bú, alẹ́ ọjọ́ yẹn ti tán, kódà bí tígà bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní 1925, Illustrated London News gbé àwọn tígà rẹ̀ sójú ewé, tígà tó ń rìn lóru nínú igbó tirẹ̀, láìsí ìbọn, láìsí ọgbà. Ní 1927 ó kọ ìwé lórí rẹ̀. Nígbà tó kó àwọn àwòrán náà jọ síwájú ara rẹ̀, ó rí nǹkan tí ìbọn kò lè fi hàn án: ilà ara tígà kò bára mu. Tígà kan kò ní ilà èkejì, bí ìka ọwọ́ wa. Ó wá lè sọ pé èyí ni tígà ọjọ́ yẹn, òun kọ́ rèé. Láàárín àwọn ọdún 1990, onímọ̀ Íńdíà kan, Ullas Karanth, gbé ìmọ̀ yìí lọ sí igbó Nagarahole ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ó ń fi kámẹ́rà ojú ọ̀nà dá tígà mọ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ìṣirò mọ iye tó ṣeé ṣe kó wà. Fótò tí wọ́n ń fi ṣe fáàrí tẹ́lẹ̀ wá di ìkànìyàn àwọn tígà.

Kò yẹ kí n jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo ẹni tó ní sùúrù ni ẹran ń san án fún. Ní 1937, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Eric Hosking, ń ya òwìwí nínú igbó kan ní Wales. Òwìwí náà ní ọmọ nínú ìtẹ́. Ó fò dé nínú òkùnkùn láìdún, ó sì gbá a lójú. Ojú òsì rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 27 ni. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ojú kan ṣoṣo ló sì fi ya ẹyẹ títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ẹyẹ kì í mọ̀ pé fótò lo wá yà.

Lónìí, okùn ti di ohun àtijọ́. Kámẹ́rà pàkúté òde òní kò ju àpótí oúnjẹ ọmọ ilé ìwé lọ. Wọ́n á dè é mọ́ ara igi. Ojú kan wà lára rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ohun tó gbóná ju àyíká bá kọjá níwájú rẹ̀, á ya á, á tún dúró. Òun ni John Hammer òde òní, ẹ̀fọn kò lè jẹ ẹ́, kò sì ń sùn. Ṣùgbọ́n ewé tí oòrùn ti mú gbóná, tí atẹ́gùn sì ń mì, lè tàn án jẹ, kó ya ẹgbẹ̀rún fótò ewé kan. Bátìrì rẹ̀ ń tán, kòkòrò ń kọ́lé sí ojú rẹ̀. Kò sì mọ ọ̀nà tí ẹran ń gbà. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

Ẹ̀yin ará ìgboro á fẹ́ràn ti P-22. Púmà kan ni, akọ, tó ré títì márosẹ̀ ńlá méjì kọjá, tó wá gbé ní Griffith Park, láàárín ìlú Los Angeles, títí tó fi kú ní 2022. Ayàwòrán Steve Winter fẹ́ ya á pẹ̀lú àkọlé HOLLYWOOD lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù 15 ni kámẹ́rà rẹ̀ fi dúró kó tó rí fótò náà gbà. National Geographic tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ìlú tó ní ayàwòrán lórí gbogbo òpópónà, ó gbà á ní oṣù 15 láti ya ẹran kan ṣoṣo tó ń gbé láàárín rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní ìpínlẹ̀ Cross River, ní apá ibi tí Nàìjíríà ti fẹ́ pàdé Kamẹrúùnù, òkè kan wà tó ń jẹ́ Mbe. Àwọn abúlé mẹ́sàn-án tó yí i ká ló ni ilẹ̀ náà, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn tó ń ṣọ́ ọ, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ WCS. Orí òkè yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí gòrílà Cross River, ìnàkí ńlá tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ní Áfíríkà, ṣì ń gbé. Nǹkan bí 300 péré ló kù lágbàáyé, orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí nìkan ni wọ́n wà, ti Nàìjíríà kò sì ju nǹkan bí 100 lọ. Nígbà kan àwọn onímọ̀ rò pé wọ́n ti tán pátápátá lọ́dọ̀ wa. Ó di àwọn ọdún 1980 kí ìwádìí tó fi hàn pé wọ́n ṣì wà.

Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé gòrílà wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí wọn. Ìran wọn ti mọ ìbọn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń gun òkè náà, ibi tí gòrílà sùn mọ́jú ni wọ́n sábà máa ń rí, ewé tó tẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀, èso tó jẹ kù. Ẹran fúnra rẹ̀ ti kọjá. Láti 2012 ni àjọ WCS ti ń de kámẹ́rà mọ́ igi káàkiri ibùgbé wọn. Ọdún ń gorí ọdún. Fótò ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Àwọn fótò yẹn ń sọ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Èyí tí kò tíì dáhùn ni ìbéèrè tó le jù: ṣé wọ́n ń bímọ, àbí àwọn àgbà tó kù nìkan là ń rí?

Ní 2020, nígbà tí gbogbo wa wà nínú ilé nítorí kòrónà, agbo kan kọjá níwájú kámẹ́rà lórí òkè Mbe. Wọn kò sáré. Àwọn àgbà wà níbẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe ọmọ kan. Ọmọ oríṣiríṣi ọjọ́ orí, nínú agbo kan ṣoṣo, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí nínú àwòrán gòrílà yìí rí. Nínú ọ̀kan lára àwọn fótò náà, ọmọ kan wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ní oṣù Keje ni àjọ náà gbé wọn jáde fún gbogbo ayé. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọjá. Kámẹ́rà yẹn ti wà lára igi náà ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn tó dè é mọ́ ọn sì ti sọ̀kalẹ̀ lọ sílé wọn.

Ẹ wá àwọn fótò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ èyí tán, wọn kò ṣòro rí.